Béèrè Lọ́wọ́ Màmá Alásè: Toronto ni àbí Berlin, níbo ni oúnjẹ ìgbàlódé ti dáa jù?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Alásè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbejì ni àwọn ọmọ mi. Táíwò wà ní Toronto, Kẹ́hìndé wà ní Berlin. Tá a bá ti pàdé lórí fóònù ní ọjọ́ Sátidé báyìí, ìjà oúnjẹ ni. Táíwò ní bọ́gà àti adìẹ díndín Kánádà ò lẹ́gbẹ́, pé ti Yúróòpù kéré, ó tún wọ́n. Kẹ́hìndé á ní ẹran tí wọ́n fi oògùn wú ni àbúrò òun ń jẹ. Bàbá wọn ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ń jẹ oúnjẹ gidi?
Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ títọ́ o. Ẹ̀dùmàrè á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn. Mo mọ ìlú méjèèjì tí wọ́n wà dáadáa. Àkọ́bí mi ń gbé ní Toronto, àbúrò mi obìnrin sì ti pẹ́ ní Berlin. Tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ibi tí àwọn èèyàn ti ń dáná ni mo máa ń kọ́kọ́ fẹ́ wò, torí iṣẹ́ oúnjẹ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe níbí, kì í ṣe pé mo kàn ń sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn.

Kẹ́hìndé jàre lórí ẹran màlúù. Táíwò jàre lórí adìẹ, ó tún jàre lórí òróró, bóyá òun gan-an ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì fi ń díwọ̀n ni mi ò fara mọ́. Orúkọ tó wà lára pátákó ilé oúnjẹ ni wọ́n ń wò. Orúkọ yẹn kan náà ló wà ní Toronto, òun náà ló wà ní Berlin, òun ló sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ oúnjẹ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí òfin ìlú bá gbà láyè ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Èyí tó sì ju òfin lọ ni ẹni tó ń sè é: ṣé òun ló gé e, ṣé òun ló rẹ ẹran náà, àbí inú páálí oníyìnyín ló ti tú u jáde?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹran tó ń bà yín lẹ́rù. Òótọ́ ni pé òfin Kánádà gba àwọn tó ń sin màlúù ẹran láyè láti lo họ́mọ́ọ̀nù. Hóró kékeré kan ni wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ ẹ̀yìn etí màlúù, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ara rẹ̀, màlúù á tètè sanra láìjẹ koríko tó pọ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de èyí, láti 1989 ni wọn ò sì ti gba irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọlé láti ilẹ̀ mìíràn. Kánádà àti Amẹ́ríkà fi ẹjọ́ wọn sun Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ìdájọ́ sì jáde ní 1998 pé ẹ̀rí tí Yúróòpù mú wá kò tó. Yúróòpù gbọ́ ìdájọ́ náà, kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ìjọba Kánádà náà ò yí tirẹ̀ padà, wọ́n ní èyí tó ń ṣẹ́ kù sínú ẹran kéré débi pé kò lè ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Torí náà Kẹ́hìndé ò parọ́ mọ́ àbúrò rẹ̀.

Àmọ́ kó má fi ti màlúù ba ti adìẹ jẹ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni Kánádà ti fòfin de họ́mọ́ọ̀nù fún adìẹ, kò sì gba èyí tí wọ́n ń fún màlúù kí wàrà rẹ̀ lè pọ̀ láyè rárá, 1999 ni wọ́n kọ̀ ọ́. Adìẹ díndín tí Táíwò ń jẹ, adìẹ ni. Tó bá sì wù ú kó jẹ bọ́gà láìsí họ́mọ́ọ̀nù, ilé oúnjẹ A&W ti Kánádà ti kúrò lórí irú ẹran bẹ́ẹ̀ láti 2013, òun ni wọ́n sì fi ń polówó ara wọn.

Èmi o, òróró ni mo máa ń wò kí n tó wo ẹran. Òróró kan wà tí ilé iṣẹ́ máa ń fi háídírójìn sọ di líle, irú èyí tó ń wà nínú bọ́tà tí kì í yọ́ tí àwọn alágbèéká fi ń ṣe míìtì páì. Ẹni tó ń tajà fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í tètè gbó nínú agbada. Ọkàn ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni kò fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń mú kí ọ̀rá burúkú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Dẹ́nmákì ló kọ́kọ́ ká a lọ́wọ́ kò ní gbogbo ayé, ní 2003. Kánádà lé e kúrò nínú oúnjẹ ní oṣù kẹsàn-án 2018. Yúróòpù lápapọ̀ kò fi òdiwọ̀n lélẹ̀ títí di oṣù kẹrin 2021, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Ẹ wá rí i pé fún ọdún méjì àti ààbọ̀, òfin tó wà lórí òróró tí wọ́n fi ń dín oúnjẹ Táíwò le ju ti Kẹ́hìndé lọ. Ẹ bá mi sọ fún Kẹ́hìndé.

Ti iyọ̀ ló ká mi lára jù, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nínú ìran wa. Ìwádìí kan jáde ní 2012 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Kánádà. Wọ́n kó oúnjẹ àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá jọ láti orílẹ̀-èdè 6, wọ́n fi iyọ̀ inú rẹ̀ wé ara wọn. McNuggets tí gbogbo ọmọdé ń bẹ̀bẹ̀ fún, gíráàmù iyọ̀ 0.6 ló wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀ ní Ìlú Ọba, 1.6 ló wà nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lápapọ̀, Kánádà àti Amẹ́ríkà ló ń fi iyọ̀ sí oúnjẹ ju Ìlú Ọba àti Faransé lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe é o! Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè dín in kù, ibi tí ìjọba àti àwọn èèyàn ò bá ti fúngun mọ́ wọn ni wọn kì í ti dín in. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Pòtétò díndín ni mo fẹ́ fi jókòó díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àbúrò mi, a wọ ọkọ̀ lọ sí Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ilé kóńkó bíi ti alákàrà ni wọ́n fi ń ta pòtétò níbẹ̀, ó wà káàkiri ìlú. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Maison Antoine ní gbàgede Place Jourdan, láti 1948 ló ti wà, èrò kì í dá níbẹ̀. Mo dúró ti ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké, tí kò ní orúkọ, mo ń wo ọwọ́ ọkùnrin tó ń dín in. Ó ti gé pòtétò náà nípọn tó ìka ọwọ́ kékeré. Ó kó o sínú ọ̀rá tí kò gbóná jù, bíi ìwọ̀n 150 Celsius. Kò jẹ́ kó pọ́n rárá. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀ tán, ó gbọ́n ọ́n sórí àwo fífẹ̀, ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, ooru ń jáde lára rẹ̀, omi inú rẹ̀ ń gbẹ. Kò kán an lójú, bẹ́ẹ̀ èrò ti tò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kó o sínú agbada kejì tó gbóná gan-an, bíi ìwọ̀n 180. Ó hó yàà, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ìró rẹ̀ yí padà, ó di fínrín, ọkùnrin náà sì yọ ọ́ láìwo aago. Ìró yẹn ló ń gbọ́. Àwọn ìyá tó ń dín dùndún ní Mókọ́lá náà ń gbọ́ irú ìró yẹn, ẹ lọ wò wọ́n lálẹ́. Ó da iyọ̀ sí i, ó gbọ́n ọ́n, ó dà á sínú bébà tí wọ́n ká. Ìta ń hán kẹ́kẹ́, inú rọ̀ bí iṣu tuntun. Ọ̀rá màlúù ni àwọn tó mọṣẹ́ níbẹ̀ fi ń dín in. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ o, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni.

Wàyí o, èyí tó pọ̀ jù ní Kánádà, láti ilé iṣẹ́ ló ti ń wá. Kánádà gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ pòtétò inú yìnyín tó tóbi jù láyé ti wá. Ìlú kékeré kan wà ní New Brunswick, Florenceville, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ McCain ti bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á dín in lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi yìnyín mú un, ọmọ ilé oúnjẹ á kàn tú u sínú òróró. Kò burú, kì í sì í ṣe májèlé. Ohun tí mo fẹ́ kí Kẹ́hìndé mọ̀ ni pé McCain ní ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù náà, pòtétò inú yìnyín sì pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ Berlin. Kó má rò pé Yúróòpù tó wà ti sọ gbogbo pòtétò rẹ̀ di ti Brussels.

Kánádà náà ní ohun tó lè fi yangàn. Poutine ni wọ́n ń pè é, ti àwọn ará Quebec, láti àwọn ọdún 1950 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké bíi Warwick. Pòtétò díndín ni, wọ́n á da wàrà dídì sórí rẹ̀, wọ́n á bu ọbẹ̀ ẹran gbígbóná lé e. Wàrà náà kò jìnnà sí èyí tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri fún wa, àfi pé kò wà nínú omi. Tó bá jẹ́ ti òní, á máa dún láàárín eyín tí ẹ bá ń jẹ ẹ́. Tó bá ti di ọ̀la, ìró yẹn á ti lọ. Ní Montreal, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ní ilé oúnjẹ kan ní Toronto, wàrà rírin tí wọ́n ń kó sórí pízà ni wọ́n wọ́n sí i, mo fi sílẹ̀ ní ìdajì. Orúkọ ọ̀kan náà, ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín wọn.

Dónọ̀ọ̀tì Tim Hortons tí gbogbo ará Kánádà fi ń bọ́ra náà rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Hamilton ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Nígbà náà, inú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń dín in láti ìdájí. Nígbà tó di nǹkan bí 2003, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi yìnyín mú un, ṣọ́ọ̀bù kàn ń gbóná rẹ̀ parí. Ẹ bi àgbà èyíkéyìí tó ti pẹ́ ní Ontario, á sọ fún yín pé adùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo ti jẹ oúnjẹ ojú ẹsẹ̀ tó dùn mọ́ mi jù ní Toronto? Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni, páì ẹran ti àwọn ará Jàmáíkà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ata wà nínú rẹ̀ bí ata ṣe yẹ kó wà. Àwọn èèyàn yẹn jà fún un o. Ní 1985, ìjọba Kánádà sọ pé wọn ò gbọdọ̀ pè é ní “beef patty” mọ́, pé ẹran bọ́gà nìkan ló lórúkọ yẹn. Àwọn tó ń tà á kò gbà, ọ̀rọ̀ náà di ti ìwé ìròyìn, ìjọba sì gbà kí wọ́n máa pè é ní “Jamaican patty”. Ọwọ́ irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ gidi wà ní Toronto, kì í ṣe ọwọ́ àwọn orúkọ ńlá. Ní Berlin náà, ọwọ́ àwọn ará Tọ́kì ló wà.

Ẹ ní kí Táíwò wo ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé. Láti 2001 ni Toronto ti ń lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé oúnjẹ: aláwọ̀ ewé, wọ́n yege, aláwọ̀ ìyeyè, nǹkan kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe, aláwọ̀ pupa, ìjọba ti tì í. Èyí wù mí ju ohun tí mo rí ní Berlin lọ. Kó má jẹ bọ́gà àti pòtétò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, kó sì máa ra àwọn tó ń sè é lójú rẹ̀. Ní ti Kẹ́hìndé, kó fi àbúrò rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀ lórí adìẹ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ káàsán. Mo ti rí ìwé gbà sí yunifásítì kan ní Halifax, ní Kánádà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Jámánì ní kò sí oúnjẹ tó dùn tó döner, pé èyí tí mo máa bá ní Halifax, ayédèrú ni. Ṣé lóòótọ́ ni?
Ọmọ yín, Àpáta

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú oríire ìwé. Kì í ṣe ayédèrú, ọmọ ìyá ni wọ́n, ibi tí wọ́n ti tọ́ wọn ló yàtọ̀. Ẹran tí wọ́n fi ọ̀pá gún tó ń yí níwájú iná ni ti Berlin, àwọn ará Tọ́kì tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló gbé e dé. Kadir Nurman ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó kọ́kọ́ kó o sínú búrẹ́dì, ní 1972, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Zoo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn náà ń sọ pé àwọn ni. Ti Halifax, ọkùnrin ará Gíríìkì kan, Peter Gamoulakos, ló gbé e kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹran àgùntàn ìlú rẹ̀ kò tà níbẹ̀, ló bá lọ ẹran màlúù, ó fi èròjà sí i, ó mọ ọ́n mọ́ ọ̀pá. Ó wá fi mílíìkì alágolo tó nípọn, ṣúgà, fínígà àti aáyù ṣe omi ọbẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà 2015, ìgbìmọ̀ ìlú Halifax dìbò, wọ́n sọ donair, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, di oúnjẹ ìlú wọn. Tòmátì àti àlùbọ́sà nìkan ló ń bá a rìn.

Omi ọbẹ̀ yẹn dùn bíi súìtì. Ìwọ tó o ti ń jẹ súyà Sábó láti kékeré, ó lè kọ́kọ́ yà ọ́ lẹ́nu, mílíìkì lórí ẹran! Ní kí wọ́n fi díẹ̀ sí i, kó o mú ata gígún dání láti ilé.

Ní ti ẹran gan-an, Jámánì ni mo fara mọ́. Ìlànà kan wà níbẹ̀ pé ohun tí wọ́n bá pè ní döner kebab, ẹran lílọ̀ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 60 nínú 100 lọ, ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹran tí wọ́n fi ọ̀bẹ là. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wo ara ọ̀pá náà dáadáa kó tó sanwó: tó bá rí ìpele ìpele, tí eteetí ẹran yọ gánnagàna, ẹran tí wọ́n là ni, tó bá ń dán, tó rí gbọọrọ láìní ojú ẹran, lílọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ní Halifax, gbogbo rẹ̀ ló máa ń rí gbọọrọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọn ò tàn ọ́. Máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọkàn kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Màmá Alásè. Mo fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ kékeré ní Akóbọ̀, bọ́gà, adìẹ àti pòtétò díndín. Àwọn kan ní kí n ṣe é bíi ti Kánádà, àwọn kan ní bíi ti òyìnbó Yúróòpù. Owó mi ò pọ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?
Aṣọ́jà-lọ́wọ́, Akóbọ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìgbìyànjú, ìyá. Ẹ má tẹ̀ lé èyí tó ń gbé oúnjẹ sínú yìnyín. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ṣe rí ní Akóbọ̀, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó kó páálí pòtétò oníyìnyín pamọ́ níbí, jẹnẹrétọ̀ ló ń sìn, kì í ṣe oníbàárà. Pòtétò Jos ń wọ ọjà Bódìjà, ẹ ra àpò rẹ̀, ẹ gé e fúnra yín, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì rẹ̀ lọ, ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ wá dín in lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe kọ ọ́ sókè fún Ìyá Ìbejì. Ẹ lè dín ti àkọ́kọ́ láàárọ̀, kẹ́ ẹ dín ti ẹlẹ́ẹ̀kejì nígbà tí oníbàárà bá dé. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó yá láìjẹ́ ti yìnyín. Kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kó má dúdú. Láti oṣù kẹrin 2018 ni Yúróòpù ti ní òfin lórí èyí, torí ohun kan tó ń jẹ́ acrylamide tó ń pọ̀ sí i nínú pòtétò bó ṣe ń dúdú sí i. Nígbà tí pòtétò bá wọ́n, ẹ fi iṣu ṣe é lọ́nà kan náà, ẹ máa rí i pé àwọn èèyàn á padà wá.

Ní ti òróró, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ máa sẹ́ ẹ lálaalẹ́. Tó bá ń yọ ìfófòó, tó ń rú èéfín kó tó gbóná, tó sì ń ta yín lọ́fun, ẹ dà á nù, ẹ má bu tuntun là á. Ẹ ka ara agolo tàbí kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ bá rà: tí wọ́n bá kọ “partially hydrogenated” sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Òfin NAFDAC ti ọdún 2022 náà ti fi òdiwọ̀n ìdá 2 nínú 100 lélẹ̀ fún ọ̀rá burúkú yẹn ní Nàìjíríà, torí náà ẹ kì í ṣe ẹni tó ń ṣe àṣejù tẹ́ ẹ bá bèèrè.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ Kánádà. Ilé oúnjẹ kan wà níbẹ̀, Harvey's, láti 1959 ló ti wà. Iná ni wọ́n fi ń yan bọ́gà, oníbàárà á dúró níwájú, á máa nàka sí ohun tó fẹ́: fi àlùbọ́sà sí i, má fi tòmátì sí i, ata díẹ̀ sí i. Ará Ìbàdàn fẹ́ràn irú èyí gan-an. Ṣebí bí a ṣe ń ra àmàlà ní Bódìjà nìyẹn, tí a ń sọ fún alámàlà pé kó fi gbẹ̀gìrì ṣáájú, kó mú ṣàkì, kó má mú ẹ̀dọ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì tí àwo ti dé ọwọ́ ẹni. Èmi ò rí ilé oúnjẹ ìgbàlódé kankan ní Toronto tàbí ní Berlin tó yá tó ìyá tó ń bu àmàlà. Ẹ gbé bọ́gà yín kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo nǹkan wà nínú gíláàsì, kí wọ́n máa rí i.

Lọ́wọ́ Yúróòpù, ẹ mú èyí: láti oṣù Disẹ́ńbà 2014, ó di dandan fún gbogbo ilé oúnjẹ ibẹ̀ láti lè sọ fún oníbàárà bí oúnjẹ bá ní èyíkéyìí nínú nǹkan 14 tí ara àwọn kan kì í gbà. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀, wàrà, ẹja, edé. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ní Yorùbá. Tí ẹ bá fi òróró ẹ̀pà dín adìẹ, ẹ sọ ọ́. Mo ti rí ọmọdé tí ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní ibi ayẹyẹ kan ní ìlú yìí, ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ dí, a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀pà wà nínú ohun tó jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ bá mi bi Màmá Alásè: kí ló dé tí iye tí mo rí lára pátákó nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Toronto kì í ṣe iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi? Ní Lọ́ńdọ̀nù, iye tó wà níbẹ̀ ni mo san.
Bàbá Àgbà, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrìn àjò sà. Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ní Kánádà, owó orí kì í sí lára iye tí wọ́n kọ sókè, ibi tẹ́ ẹ ti ń sanwó ni wọ́n ti ń fi kún un. Ní Ontario tí Toronto wà, ìdá 13 nínú 100 ni. Tó bá jẹ́ Calgary lẹ lọ, ìdá 5 péré ni, torí Alberta kì í gba ti ìpínlẹ̀. Ní Ìlú Ọba àti ní Yúróòpù, wọ́n ti ka owó orí mọ́ iye ara pátákó. Ohun kejì ni ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi káàdì kàn, òun náà á tún bèèrè ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́, á gbé ìdá 15, 18 tàbí 20 síwájú yín. Níbi tí wọ́n ti jókòó yín tí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá yín, ẹ fún wọn, torí àṣà ibẹ̀ ni, àwọn ọmọ wa náà sì wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn. Níbi tẹ́ ẹ ti dúró gba bọ́gà fúnra yín, ẹ lè tẹ “No tip” láìtijú, kò sí ẹni tó máa bínú sí yín. Tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, ẹ ṣírò rẹ̀ láti ilé: bọ́gà tí wọ́n kọ dọ́là 10 sí, dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 30 ni ní Toronto kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.